Orín Ata àti Pákò Ìjẹ̀bú: Oṣù Mẹ́ta Lẹ́nu Mi

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi run orín láràárọ̀ kí n tó jókòó kọ àyẹ̀wò yìí. Ìdì méjì ni mo rà lọ́wọ́ ìyá kan tí wọ́n ń ta ewé àti egbò ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn: ìdì orín ata kan, ìdì pákò Ìjẹ̀bú kan. Nígbà tí mo bi wọ́n pé, "Màmá, èwo ló dára jù nínú méjèèjì?" wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ti Ìjẹ̀bú ń fọ eyín, ti ata ń wo ẹnu." Gbólóhùn yìí ni mo gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn olùwádìí nípa eyín ti kọ lórí orín, mo sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ délẹ̀, àfi ohun kan tí ìdì méjèèjì kò ní.

Orín ata ni mo kọ́kọ́ mú. Egbò igi tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Zanthoxylum zanthoxyloides ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fagara ló ń jẹ́ nínú àwọn ìwé ìwádìí àtijọ́. Gbàrà tí eyín bá ti fọ́ orí rẹ̀ ni ata rẹ̀ á ti ta mọ́ ahọ́n, itọ́ á kún ẹnu, ètè á sì dà bí èyí tó kú fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Itọ́ yẹn kì í ṣe ohun kékeré, nítorí òun ló ń ṣan oúnjẹ kúrò lára eyín, òun náà ló sì ń pa oró ásíìdì tí àwọn kòkòrò inú ẹnu ń fi ṣúgà pọn. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sofowora wà lára wọn, yẹ orín ata wò dáadáa, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971 pé, nínú yàrá ìwádìí, omi egbò rẹ̀ lè dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àrùn fòníkú-fọ̀ladìde padà sí ìrísí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí pa oògùn ilé ìwòsàn tì o. Ọ̀rọ̀ eyín la wà.

Pákò Ìjẹ̀bú, tó jẹ́ ẹ̀ka igi Massularia acuminata, korò, kò sì ta lẹ́nu. Irun rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó dọ́gba, kì í sì í já sínú ẹnu bíi ti orín ata. Ní ti ká fọ eyín mọ́ lásán, òun ló borí.

Ní 1988, àwọn olùwádìí láti Èkó àti Amẹ́ríkà tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí omi oríṣiríṣi orín Nàìjíríà àti àwọn kòkòrò tó ń ba ẹran ìdí eyín jẹ́, àwọn orín kan sì dá kòkòrò náà dúró. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, ṣùgbọ́n inú àwo ìwádìí kì í ṣe inú ẹnu. Nínú àwo, omi orín á jókòó ti kòkòrò fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nínú ẹnu, itọ́ á ti gbé e lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ti kọ́ ilé tó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ eyín.

Ohun tí ìdì méjèèjì kò ní ni fluoride tó pọ̀ tó láti ṣiṣẹ́. Ọṣẹ ìfọyín tó ní ìdá fluoride 1,000 sí 1,500 nínú mílíọ̀nù kan ni ẹ̀rí fi hàn pé ó ń dènà kí eyín kẹ̀, nítorí pé fluoride a máa mú kí eyín le padà níbi tí ásíìdì ti ń jẹ ẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó fọwọ́ sí i ní àwọn ọdún 1980 pé kí àwọn tí orín jẹ́ àṣà wọn máa lò ó, náà ló fi ọṣẹ ìfọyín bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àwọn oògùn pàtàkì rẹ̀ ní 2021. N kò rí ìtakora níbẹ̀: orín ń gbá ilé, fluoride ń rẹ́ ògiri.

Àléébù kejì wá láti ara bí igi náà ṣe rí. Irun búrọ́ọ̀ṣì dá ìbú sí ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òòró ni irun orín wà, nítorí náà kò rọrùn fún un láti dé ẹ̀yìn eyín níhà ahọ́n. Dókítà eyín tó yẹ ẹnu mi wò ní ìparí oṣù kẹta ní iwájú mọ́ tónítóní, àmọ́ èérí ti le gbagidi sí ẹ̀yìn eyín iwájú tìsàlẹ̀, irin iṣẹ́ wọn nìkan ló sì lè ṣí i. Ẹni tó bá ń fi agbára run orín tún ní láti ṣọ́ra, nítorí àwọn olùwádìí ní Saudi Arabia rí i pé ẹran ìdí eyín a máa fà sẹ́yìn lára àwọn tó ń lo miswak, tó jẹ́ orín tiwọn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún kò tilẹ̀ gbọdọ̀ gbé e súnmọ́ ibẹ̀: ẹ̀jẹ̀ dídì tó bo ihò eyín ni ara fi ń wo ọgbẹ́ náà, bí igi bá ṣí i kúrò, egungun á wà ní ìhòòhò, ìrora ibẹ̀ sì lè ju ti eyín tí wọ́n yọ lọ.

Ní ti ọjà tí mo rà, inú ọ̀rá tó tutù ni wọ́n di pákò Ìjẹ̀bú sí, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì ti bu kí n tó tú u. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ìdì náà lójú yín kí ẹ tó sanwó. Bí owó ọwọ́ yín bá tó ohun kan ṣoṣo rà, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride ni kí ẹ rà. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi orín ata kún un. Ní báyìí, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ni mo ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ń tu ìfófòó rẹ̀ dànù láì fi omi yọ ẹnu, orín ata sì wà fún ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo kó pákò Ìjẹ̀bú tó kù fún bàbá mi, àwọn sì ní kíkorò rẹ̀ kò tó ti ayé àtijọ́.