Omi Níwájú Agbọ̀n: Àgbéyẹ̀wò Pápá Bọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n Tí Wọ́n Ṣe Sí Ẹ̀yìnkùlé Wa

Wọ́n ti kó irinṣẹ́ wọn lọ tán, wọ́n sì ti fi ìwé ránṣẹ́ pé kí n san ìyókù owó, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ sórí pápá náà. Nígbà tí òjò dá, tí oòrùn sì yọ, gbogbo ojú pápá gbẹ, àfi ibì kan tó fẹ̀ tó ẹní àtẹ́sùn, láàárín abẹ́ agbọ̀n àti ìlà tí a ti ń ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ń lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bọ̀, ó já sínú omi náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì fi ìgúnpá gbálẹ̀. Títí ilẹ̀ fi ṣú, omi yẹn kò lọ. Òun ló mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

Mo pe ẹ́ńjínnìà tó bójú tó iṣẹ́ náà. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ dá mi lóhùn pé, “Ẹ má da ara yín láàmú, mà. Oòrùn á fà á gbẹ. Kò sí pápá tí omi kì í dúró sí.” Mo rán an létí pé ìwé àdéhùn tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí sọ pé ojú kọnkéré yóò dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi lè máa rí ọ̀nà lọ. Ó ní ojú lásán kò lè díwọ̀n irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, akọ̀wé ọ́fíìsì wọn ló ń gbé fóònù: “Ẹ má bínú, mà, ọ̀gá wà nípàdé.” Orin tí wọ́n fi ń dá ènìyàn dúró lórí fóònù, mo ti há a sórí tán. Ìgbà tí mo kọ̀wé pé n kò ní san kọ́bọ̀ nínú ìyókù owó ni ìpàdé náà tó parí.

Kí n má fi ìbínú bo òtítọ́ mọ́lẹ̀, iṣẹ́ ìpìlẹ̀ wọn dára. Wọ́n gbẹ́ kòtò ìdí òpó jìn ju mítà kan lọ, wọ́n sì ri àwọn irin tí yóò di òpó mú sínú kọnkéré nígbà tó ṣì tutù, débi pé bí àgbàlagbà bá so rọ̀ mọ́ agbọ̀n, òpó kì í mì. Agbọ̀n fi mítà 3.05 ga sílẹ̀ géérégé. Wọ́n dúró fún ọjọ́ 28 kí wọ́n tó kun ọ̀dà, nítorí kọnkéré tí omi ara rẹ̀ kò tíì jáde a máa ti ọ̀dà kúrò lára. Àwọn ọmọ ń ráhùn, wọn kò sì dá wọn lóhùn. Èyí wú mi lórí.

Ẹni tí wọ́n wá rán sí mi ni bàbá fómáànù, àgbà bíríkìlà kan tí n kì í sábà rí nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Bàbá náà kò bá mi jiyàn rárá. Wọ́n tọrọ rọ́bà omi, wọ́n fi omi rin gbogbo pápá láti igun dé igun, wọ́n dojú ike kan délẹ̀, wọ́n jókòó lé e, wọ́n sì dúró fún wákàtí kan gbáko láìwo fóònù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ owó ẹyọ kan nínú àpò, wọ́n sì gbé e sínú omi tó kù. Omi bo owó náà mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé bí àwọn tó ń ṣe pápá ṣe ń dán an wò nìyẹn: omi tí kò bá bo owó ẹyọ lẹ́yìn wákàtí kan, oòrùn ló ni ín, èyí tó bá bò ó, oníṣẹ́ ló ni ín. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí etí omi náà ká, wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n ní, “Ẹjọ́ wa ni, mà. Ẹni tó fa pákó tẹ́ kọnkéré níbí ló sinmi láàárín.”

Ọkàn mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tí ibẹ̀ gbẹ, wọ́n ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò, wọ́n po sìmẹ́ǹtì àti yanrìn kíkúnná mọ́ èròjà tó ń mú ọ̀dà lẹ̀, wọ́n dà á sáàárín ìlà ṣọ́ọ̀kì, wọ́n sì fi irin gígùn fà á, tí orí irin náà méjèèjì ń gun ilẹ̀ tó dára lọ́tùn-ún àti lósì, kí àbùlẹ̀ má bàa ga ju ara yòókù lọ. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n tún wọn ìlà bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wọ̀n. Mítà 4.6 ló yẹ kó jìnnà sí ojú pátákó tí agbọ̀n so mọ́, àmọ́ ẹni tó kun ún wọ̀n ọ́n láti ìdí òpó, tó wà lẹ́yìn pátákó, nítorí náà ó fi ohun tó ju mítà kan lọ sún mọ́ agbọ̀n jù. Abájọ tí ọmọ mi fi ń jù ú wọlé láìtàsé, tó ti ń pe ara rẹ̀ ní ògbóǹtarìgì! Inú rẹ̀ kò dùn sí àtúnṣe yẹn títí di òní.

Àwọ̀ àbùlẹ̀ náà dúdú díẹ̀ ju ti ara yòókù lọ. Bàbá ti kìlọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí bí ilé iṣẹ́ kò bá jẹ́ kí àwọn tún gbogbo ojú pápá kùn, ilé iṣẹ́ kò sì gbà. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣèlérí lórí ọ̀dà kò tíì dé ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ tí mo san ìyókù owó, ẹ́ńjínnìà fi àtẹ̀jíṣẹ́ dúpẹ́, ó ní “ìṣòro kékeré” náà ti yanjú, ó sì bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn kọ àgbéyẹ̀wò tó dára. Kò béèrè ìgúnpá ọmọ.

Òjò ńlá ti rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, omi sì ń ṣàn gba etí pápá lọ. Bọ́ọ̀lù ń ta padà bákan náà níbi gbogbo, títí kan orí àbùlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wọn, kó kọ ìdánwò owó ẹyọ sínú àdéhùn, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá fómáànù gan-an ni yóò fa pákó. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.