Tuner Méjì tí Mo Fi Ẹ́ńjìnì Subaru WRX Mi Lé Lọ́wọ́ láti Òkèèrè

Subaru WRX ọdún 2015 ni mò ń wà ní Houston, ẹ́ńjìnì onílítà méjì tí ó ní tọ́bò, jíà mẹ́fà tí a ń fọwọ́ yí. Bí ó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde, agbára ẹṣin 268 ni wọ́n kọ fún un, ìyẹn sì tó ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀. Èmi ti pààrọ̀ sàlẹ́ńsà rẹ̀, mo ti gbé páìpù ìfa-afẹ́fẹ́ mìíràn sí i, mo sì ti ra Accessport, ẹ̀rọ kékeré tí ilé iṣẹ́ Cobb ní Austin ń ṣe, èyí tí a ń kì bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kí ó lè bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Láàárín ọdún méjì, tuner méjì ni mo ti gbà láti òkèèrè, ìyẹn àwọn tí ń tún máàpù kọ, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń darí ẹ́ńjìnì. Ẹni àkọ́kọ́ gba dọ́là 250, ẹnì kejì gba 400. Mo fẹ́ yẹ iṣẹ́ àwọn méjèèjì wò níbí, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ ẹnì kankan, nítorí pé ohun tí ó jẹ́ kí n mọ ìyàtọ̀ wọn ni ìbéèrè tí oníkálukú bi mí kí ó tó fọwọ́ kan máàpù ọkọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi nílò tuner rárá. Atọ́ka kan tí wọ́n ń pè ní MAF ló jókòó sínú páìpù ìfa-afẹ́fẹ́, tí ń ka afẹ́fẹ́ tí ń kọjá, kọ̀ǹpútà sì ń fi ohun tí atọ́ka yìí bá sọ ṣírò epo tí yóò tú sínú ẹ́ńjìnì. Bí a bá gbé páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ sí i, atọ́ka yóò máa pe afẹ́fẹ́ púpọ̀ ní díẹ̀, epo kò ní tó, ooru yóò sì máa gbóná janjan lórí písítìn. Àwọn máàpù tí Cobb ti ṣe sílẹ̀ dára fún ọkọ̀ tí a kò tíì fọwọ́ kàn, tàbí èyí tí a fi kìkì ohun èlò tí wọ́n dárúkọ sí. Fún àdàlú bíi tèmi, àfi kí ẹnìkan jókòó kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí iṣẹ́ òkèèrè ṣe ń lọ nìyí: tuner á fi máàpù ránṣẹ́ lórí ímeèlì, ẹni tó ni ọkọ̀ á gbé e sínú rẹ̀, á wá fi jíà kẹta sáré láti bíi 2,500 títí dé 6,500 lórí aago tí ń ka ìyípo ẹ́ńjìnì, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, Accessport á sì máa kọ gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní log. Tuner á kà á, á tún máàpù ṣe, á tún fi í ránṣẹ́, a ó sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni: ẹni tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn kò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì mi, kò gbóòórùn epo, kò sì fọwọ́ kan họ́ọ̀sì kankan. Nọ́ńbà nìkan ló ní lọ́wọ́. Bí kò bá wá béèrè ọ̀rọ̀ tó pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀, ìméfò ló ń ṣe.

Ẹni àkọ́kọ́ kò béèrè ohunkóhun. Mo sanwó tán, kò tó wákàtí kan tí máàpù fi dé, inú mi sì dùn nígbà náà pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ara ti fu mí, nítorí kò gba log ọkọ̀ náà bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò béèrè irú plọ́ọ̀gì tó wà nínú rẹ̀, kò tilẹ̀ béèrè irú epo tí mò ń rà. Máàpù ẹlòmíràn ló fún mi, tí ó kàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Nígbà tí mo fi log ránṣẹ́ pa dà, mo rí i fúnra mi pé kọ̀ǹpútà ń fa àsìkò iná plọ́ọ̀gì sẹ́yìn ní dígírì mẹ́rin ní agbede 4,000, àti pé DAM ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní 1.00. DAM yìí ni nọ́ńbà tí Subaru fi ń sọ bí ọkàn kọ̀ǹpútà ṣe balẹ̀ tó lórí epo àti máàpù tó wà nínú rẹ̀, 1.00 ló yẹ kí ó máa wà, bí ó bá ti kúrò níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ń bẹ̀rù ohun kan nìyẹn. Mo kọ̀wé sí i. Ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe, kí n máa gbádùn ọkọ̀ mi.

Mo gbé log náà lọ fi han ẹ̀gbọ́n kan tí ń tún ọkọ̀ ṣe ní Alief, àdúgbò kan ní Houston, Ìjẹ̀bú ni, ó sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà kí ó tó kúrò nílé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ẹ́ńjìnì yìí ń nọ́ọ̀kì." Ó dìde lórí ìjókòó. "Ó ti nọ́ọ̀kì, o sì wà á dé bí?" Ẹ̀rín pa mí. Nílé, bí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì, ó ti kú nìyẹn, owó ẹ́ńjìnì tokunbo ni kí ẹni tó ni ọkọ̀ máa wá. Ohun tí àwọn tuner ń pè bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: epo ló ń gbiná nínú sìlíńdà níbi tí kò yẹ, ní àsìkò tí kò yẹ, tí ó ń lu písítìn bí òòlù. Atọ́ka kan lára ẹ́ńjìnì a máa gbọ́ ìró yẹn kí etí wa tó gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á sì fa àsìkò iná plọ́ọ̀gì sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n tẹ́tí sí mi títí, ó wá ní, "Àbúrò, ohun kan náà ni. Tìrẹ ń lọ sọ́jà ni, tiwa ti dé ọjà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí n wá ẹnì kejì. Òun kò gba owó lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ tí mo kọ̀wé sí i. Fọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́: irú plọ́ọ̀gì àti àlàfo ẹnu rẹ̀, ìgbà tí mo yí ọ́ìlì kẹ́yìn, ilé epo tí mo ń lò, fọ́tò abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àti log mẹ́ta tí a ṣe pẹ̀lú máàpù ilé iṣẹ́. Ó ní kí n tún lọ fi èéfín wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, nítorí afẹ́fẹ́ tí log fi hàn kò bá boost mu, ìyẹn agbára tí tọ́bò fi ń ti afẹ́fẹ́ wọlé. Mo padà sí Alief. Ẹ̀gbọ́n dí ẹnu páìpù, ó tú èéfín funfun sí i, ó pa iná ṣọ́ọ̀bù, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì. Fún bí ìṣẹ́jú méjì, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lábẹ́ intercooler, ohun tí ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù, níbi tí họ́ọ̀sì rẹ̀ ti wọ ẹnu ẹ́ńjìnì. Kílípù ibẹ̀ kò di mọ́. Èmi fúnra mi ni mo tú u nígbà tí mò ń yí plọ́ọ̀gì, tí n kò sì dì í le. Skrudíráfà àti ìṣẹ́jú márùn-ún ni a fi tún un ṣe. Tuner tí kò fojú rí ọkọ̀ náà rí ló mọ̀ pé ó ń jò, láti inú nọ́ńbà lásán, mo sì gbà pé níbi ọjọ́ yẹn ni mo ti rí iye owó mi gbà.

Ó tún kọ̀ jálẹ̀ lórí ohun kan tí mo fẹ́, mo sì bínú díẹ̀. Mo fẹ́ lo E85, epo tí wọ́n fi ethanol pò, nítorí kì í tètè gbiná láìpé, ó sì wọ́pọ̀ ní àwọn ilé epo kan ní Texas. Ó ní rárá, àfi bí mo bá ṣetán láti ra ohun tó kù. Àlàyé rẹ̀ múná: bẹntiróòlù lásán ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 14.7 sí epo ìwọ̀n kan, E85 ń fẹ́ nǹkan bíi 9.8, èyí tó túmọ̀ sí pé epo púpọ̀ sí i gbọdọ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnì WRX yìí ń tú epo tààrà sínú sìlíńdà pẹ̀lú pọ́ǹpù alágbára kan tí ó ní ibi tí ó mọ. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí wọ́n ń tà ní orúkọ E85 lè jẹ́ ethanol ìdá 51 tàbí ìdá 83 nínú 100, ó di ọwọ́ àsìkò àti agbègbè, nítorí náà ẹni tí kò ní atọ́ka tí ń wọn ethanol kò mọ ohun tó rà. Mo dúró sórí epo 93, ìyẹn nọ́ńbà octane tí ń sọ bí bẹntiróòlù ṣe lè yẹra fún ìgbiná láìpé tó.

Bí tuner kan bá ṣèlérí pé òun yóò pa iná ìkìlọ̀ kátálístì, ohun tí ń fọ èéfín ẹ́ńjìnì mọ́, kí ẹ sá. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà lòdì sí i, Cobb fúnra rẹ̀ sì ti yọ ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kúrò nínú irinṣẹ́ rẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2022. Àwọn kan ń sọ pé Texas ti fagi lé àyẹ̀wò ọkọ̀. Àyẹ̀wò ààbò ọkọ̀ tí kì í ṣe ti òwò ni wọ́n fagi lé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025. Àyẹ̀wò èéfín tí ọkọ̀ ń tú jáde ṣì wà ní Harris, káúńtì tí Houston wà, àti ní àwọn káúńtì mìíràn kan. Ẹ tún rántí pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé máàpù tuntun wọlé, ọkọ̀ yóò gbàgbé àyẹ̀wò tí ó ti ṣe fún ara rẹ̀, nítorí náà ẹ wà á fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Ní ti agbára ẹṣin, n kò ní kọ iye kankan síbí. Bí a bá gbé ọkọ̀ kan náà sórí dyno, ẹ̀rọ tí ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ lójú kan tí ń wọn agbára rẹ̀, bí ó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Mustang, iye rẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti ilé iṣẹ́ Dynojet, nítorí náà ẹni tó fi nọ́ńbà polówó ara rẹ̀ láìsọ dyno tí ó lò kò tíì sọ nǹkan kan. Dyno wúlò fún mi ní ọ̀nà mìíràn: jíà kẹta títí dé 6,500 ju máìlì 80 lọ ní wákàtí kan, kò sì sí òpópónà Houston tí mo lè ti ṣe é láìdẹ́ṣẹ̀. Mo yá dyno fún wákàtí méjì, tuner sì wà lórí fóònù, ó ń gba log bí ó ṣe ń jáde. Log mẹ́fà la ṣe níjọ́ náà. DAM kò kúrò ní 1.00.

Ẹnì kejì yìí náà ní àléébù tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀. Nígbà kan ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó dá mi lóhùn, ọkọ̀ sì wà nílẹ̀. Ó tún ti máàpù rẹ̀ pa, n kò lè ṣí i, bí òun bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni tuner mìíràn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó sanwó. Àwọn mìíràn máa ń fi máàpù tí a lè ṣí lé oníbàárà lọ́wọ́.

Àbúrò mi ní Sùúrùlérè ti ní kí n fi máàpù mi ránṣẹ́ sí òun, nítorí òun náà ti ra WRX. Mo kọ̀ fún un. Nọ́ńbà octane ara pọ́ǹpù Amẹ́ríkà kì í ṣe RON, ìwọ̀n octane tí wọ́n ń lò ní ibòmíràn: 93 wa níbí súnmọ́ RON 98, RON 91 sì súnmọ́ 87 tiwa. Máàpù tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ní Houston lè fọ́ písítìn ní Èkó kí oṣù tó parí, bí epo ibẹ̀ bá rẹlẹ̀ sí tiwa. Mo fi fọ́ọ̀mù tuner yẹn ránṣẹ́ sí i dípò rẹ̀, mo ní kí ó kọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ ní òótọ́, pàápàá epo. Ó ti kọ ọ́. Tuner ti dá a lóhùn pé kí ó kọ́kọ́ lọ yí plọ́ọ̀gì.