HP EliteBook 8460p tòkunbọ̀: ẹ yẹ abẹ́ kíbọ́ọ̀dù wò

Láptọ́ọ̀pù 2011 yìí ṣì dára fún iṣẹ́ títẹ̀wé ní Kàbà tàbí Ìsánlú. Àmọ́ bó bá ń kú lójijì, ẹ má tíì fi Windows tuntun sí i. Owó òfo ni. Ẹ kọ́kọ́ yẹ RAM wò, pátákó kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́. Ihò RAM kan wà lábẹ́ ìdérí ìsàlẹ̀, òmíràn sá pamọ́ sábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, níbi tí eruku ọyẹ́ ń kó sí. Ẹ yọ bátìrì, ẹ fi réésà tí a fi ń pa ìkọ̀wé pẹ́ńsù rẹ́ nu eyín RAM tó ń dán bíi wúrà títí yóò fi mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi RAM kan ṣoṣo sí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi Memtest86, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dán RAM wò, yẹ̀ ẹ́ wò ní ìyípo mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí RAM kan náà bá ń ṣe àṣìṣe nínú ihò méjèèjì, òun ló bàjẹ́. Bó bá jẹ́ pé inú ihò kan náà ni RAM méjèèjì ti ń ṣe àṣìṣe, bọ́ọ̀dù ńlá inú láptọ́ọ̀pù (motherboard) ló bàjẹ́. Ẹ fi ihò kejì lò ó.