Adójútòfò ìlera fún tọkọtaya tuntun l'Óṣogbo: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ rà?

Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó bèèrè owó. Ètò aládàáni tí wọ́n ń polówó láti Èkó lè ní ilé ìwòsàn bí ilẹ̀ bí ẹní n'Íkẹjà, kó jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì ló ní l'Óṣogbo. Bí ara ọmọ bá ń gbóná lóru l'Ókè-Baálẹ̀, kí la fẹ́ fi ti Ìkẹjà ṣe? Ẹ gba àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ilé ìwòsàn náà, kẹ́ ẹ sì fẹsẹ̀ ara yín lọ bèèrè bóyá wọ́n ṣì ń gba káàdì adójútòfò náà. Àwọn míì ti kúrò nínú ètò, orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé.

Ti NHIA (àjọ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀), tí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń lò, dáa fún ẹbí: òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ìdá 10 nínú 100 owó oògùn lẹ máa fọwọ́ ara yín san. Oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, ètò ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun la ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wò.

Oyún ni gbèsè ti máa ń wọlé. Ọ̀pọ̀ ètò aládàáni kì í sanwó ìbímọ àfi tẹ́ ẹ bá ti wà nínú ètò fún oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan. Ìyàwó tó ti lóyún oṣù mẹ́ta kí ẹ tó ra káàdì, ó ṣeé ṣe kí owó ìgbẹ̀bí rẹ̀ já lé yín lọ́wọ́. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń san lórí iṣẹ́ abẹ ìbímọ, iye skánì tó wà níbẹ̀, àti ọ̀sẹ̀ mélòó tí ìkókó lè fi lo káàdì ìyá rẹ̀ kí ẹ tó forúkọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi àjẹsára tàn yín o. Ọ̀fẹ́ ni àjẹsára BCG (ti ikọ́ ẹ̀gbẹ), rópárọsẹ̀ àti ìgbóná èèyí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ìjọba.

Ẹnu ọ̀nà ni ilé ìwòsàn tẹ́ ẹ yàn. Tẹ́ ẹ bá fò ó lọ tààrà sí UNIOSUN Teaching Hospital láìgba ìwé tí ilé ìwòsàn yẹn fi ń darí yín lọ síbẹ̀, àti kóòdù àṣẹ látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò, àpò yín lẹ máa fi san án, àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Kóòdù yìí máa ń pẹ́ dé, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ pe ilé iṣẹ́ adójútòfò fúnra yín, kí wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn àkọ́kọ́.