Ẹ ṣọ́ra o: AC mọ́tò tí ò fẹ́ atẹ́gùn mọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta compressor fún yín

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò n'Íbàdàn, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Toyota tókunbọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Àwọn kan wà níta báyìí tó jẹ́ pé àìsàn yòówù kó ṣe AC, compressor (ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì AC kiri) ni wọ́n máa dárúkọ. Ẹ ní AC ò tutù, compressor. Ẹ ní ó ń pariwo, compressor. Ẹ ní kò tiẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn kankan rárá, compressor náà ni. Ti ìkẹyìn yìí ló gbé mi dé bí, torí irọ́ gbuu ni, òun náà ni wọ́n sì fi gba ₦165,000 lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Corolla 2005 ni wọ́n ń lò. AC yẹn ti kọ́kọ́ ń ṣe ségesège, lónìí á fẹ́, lọ́la àfi tí wọ́n bá fọwọ́ gbá abẹ́ dashboard kó tó fẹ́, nígbà tó yá ó dákẹ́ pátápátá, wọ́n yí i sí 1, wọ́n yí i sí 4, ibì kan náà ni. Ẹnì kan wá júwe ọkùnrin kan tó ń ṣe AC fún wọn, ó ní kò ní ṣọ́ọ̀bù, ilé ló máa ń wá bá èèyàn. Ó dé, ó fa gééjì yọ nínú ọ̀rá dúdú, ó so ó mọ́ páìpù, ó ní "Mummy, ẹ wá wò ó fúnra yín, zero, gáàsì ti tán, compressor gan-an ti knock." Ó ní kí wọ́n tan AC, kí wọ́n wá wò ó bóyá compressor ń yí, wọ́n wò ó, kò yí lóòótọ́. Ó ní compressor tó ti kú yẹn ló há atẹ́gùn mọ́nú, pé tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ̀ báyìí atẹ́gùn á máa tú jáde wàá. Ó gbowó spare part, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ní wọ́kṣọ́ọ̀pù ọ̀gá òun lòun ti máa ṣe é. Nírọ̀lẹ́ ó gbé mọ́tò dé, AC ń fẹ́, ó sì tutù, inú ẹ̀gbọ́n mi dùn débi pé wọ́n tún fún un lówó mọ́tò pa dà sílé.

Kò pẹ́ tí fáànù yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíììì tí wọ́n bá ti tan án láàárọ̀, mo wá ní kí wọ́n gbé e wá kí bàbá rewire tó ń bá mi ṣe iná mọ́tò yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá ò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, abẹ́ pigeon hole níwájú èrò ló kọrí sí, ó tú sìkúrù mẹ́ta, ó yọ pláàgì, ó fa blower, ìyẹn fáànù tó ń ti atẹ́gùn AC jáde, síta. Àṣé wọ́n ti fi máákà yẹ́lò kọ nǹkan sí ara blower, irú èyí táwọn tó ń ta tókunbọ̀ máa ń kọ sára ọjà wọn kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Bàbá wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní "Ìyá, wọ́n pààrọ̀ blower yín, ṣé wọ́n sọ fún yín?" Wọ́n ní rárá o, compressor ni wọ́n pààrọ̀.

Ìgbà yẹn la wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sísàlẹ̀ níbi tí compressor wà, compressor yẹn ń dán lóòótọ́, ọ̀dà sílífà ló wà lára ẹ̀, àmọ́ ẹ wo orí àwọn bóòtù tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, òróró àti erùpẹ̀ tó ti gan mọ́ra láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì wà lórí wọn digbí, kò sójú sípánà kankan níbẹ̀, ọ̀dà yẹn gan-an gorí dọ̀tí kọjá lọ sórí bóòtù, ó tún ta sára ìdí páìpù. Kò sẹ́ni tó tú compressor náà rí. Ó kàn fọ́n ọ̀dà sí i níbi tó wà ni. Nǹkan tó ṣe fún odidi ₦165,000 ò ju pé ó lọ ra blower tókunbọ̀ kan, tí owó ẹ̀ nígbà tá a béèrè ò tó ìdá márùn-ún owó tó gbà, ó kì í bọbẹ̀, ó sì dákẹ́.

Ibi tí ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí yẹn ti wọlé síni lára nìyẹn. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú AC mọ́tò. Compressor, gáàsì àti condenser tó wà níwájú radiator, àwọn yẹn ló ń mú nǹkan tutù. Blower ló ń ti atẹ́gùn jáde, fáànù oníná lásán ni, ẹ̀yìn dashboard ló wà, bátìrì ló ń lò. Tẹ́ ẹ bá yọ compressor kúrò lára mọ́tò tẹ́ ẹ lọ gbé e pamọ́ sílé, blower á ṣì máa fẹ́, ooru lásán ló máa fẹ́ sí yín lójú ni. Nítorí náà ẹni tó bá sọ pé compressor ni ò jẹ́ kí atẹ́gùn jáde, yálà kò mọṣẹ́ tàbí olè ni, ẹ má fún èyíkéyìí nínú wọn ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín.

Gééjì tó fi hàn wọ́n ń kọ́? Ẹnu rọ́bà gééjì R134a (irú gáàsì tí wọ́n ń rọ sínú AC mọ́tò) máa ń ní kọ́ńbù (knob) kékeré kan tí wọ́n ń yí kó tó ṣílẹ̀kùn fún gáàsì. Tí wọ́n bá so ó mọ́ páìpù tí wọn ò yí kọ́ńbù yẹn, zero ni gééjì máa kà, bó ti wù kí gáàsì kún inú mọ́tò tó. Ẹ ní kó yí i lójú yín. Tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa, tó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti pa á, ojú gééjì méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, nínú ooru bíi 30°C, mọ́tò tó ní R134a nínú á máa kà nǹkan bíi 95 sí 100 psi. Ìyẹn ò fi hàn pé gáàsì náà pé o, àmọ́ ó fi hàn pé kò tán, "zero" yẹn ti di irọ́.

Ti compressor tí kò yí náà, ẹ má jẹ́ kíyẹn já yín láyà. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, AC ò ní jẹ́ kí compressor wọlé tí ètò iná fáànù ò bá ṣiṣẹ́, èyí tó bá sì wọlé náà, tí atẹ́gùn ò bá ti kọjá lára evaporator, ìyẹn ibi tó ti ń tutù lẹ́yìn dashboard, á tutù jù láìpẹ́, compressor á sì já. Fáànù tó kú ló dá compressor dúró, ọkùnrin yẹn wá dojú ọ̀rọ̀ délẹ̀.

Tí tiyín bá ṣe bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ jókòó sínú mọ́tò, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan fáànù nìkan, ẹ má tẹ bọ́tìnnì AC. Ẹ yí i láti 1 dé 4. Tó bá jẹ́ pé 4 nìkan ló ń fẹ́ tí ìyókù dákẹ́, resistor ni, nǹkan pẹlẹbẹ kan tí kò wọ́n tó wà nítòsí blower, 1 dé 3 ń gba inú ẹ̀ kọjá, 4 ò gba ibẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá dákẹ́, ẹ lọ wo fíùsì. Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan nípa fíùsì o, ọ̀pọ̀ wa máa ń wá èyí tí wọ́n kọ AC sí, a máa ní ó dáa, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, HTR tàbí HEATER ni wọ́n kọ sí ti blower, torí fáànù kan náà ni àwọn tó wà nílùú òtútù fi ń fẹ́ ooru, àwa tá ò lo heater rí láyé wa ò ní ronú kan ibẹ̀. Tó bá ti jó, irú iye tó wà lára ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi wáyà dì í fún yín ẹ lé e lọ, blower máa ń fa iná gan-an, mọ́tò á jó mọ́ yín lórí.

Fíùsì dáa? Ẹ tan fáànù sí 4, kẹ́ ẹ fi ìdí screwdriver rọra gbá abẹ́ blower. Tó bá ta kìjí tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, carbon brush inú ẹ̀ ló ti jẹ tán, blower ti ń lọ nìyẹn, bí ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe ṣe gẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n fi ń gbá dashboard. Tí kò bá dáhùn, kí rewire fi mítà wo pláàgì ẹ̀, tí 12 volt bá dé ibẹ̀ tí ilẹ̀ ẹ̀ náà sì mú, tí blower ò yí, blower ló kú. Tíná ò bá dé ibẹ̀ rárá, relay ni o, switch ni o, tàbí pláàgì tó ti jó di dúdú, tàbí eku tó jẹ wáyà, ẹ má rẹ́rìn-ín, eku fẹ́ràn ibẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ń gbọ́ ìró blower pé ó ń yí àmọ́ atẹ́gùn ò tó nǹkan, ẹ yọ cabin filter tí mọ́tò yín bá ní, ẹ̀yìn pigeon hole náà ni ti ọ̀pọ̀ Toyota wà, èyí tí mo rí rí nínú mọ́tò ọ̀rẹ́ mi kan, ewé àti irun eku ló kúnnú ẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ dáadáa nígbà tẹ́ ẹ gbéra, tó wá ń dín kù lọ́nà márosẹ̀, tó tún pa dà wá lẹ́yìn tẹ́ ẹ pa AC díẹ̀, yìnyín ló bo evaporator. Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ gáàsì lè kàn nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, gáàsì tó dín kù lè fà á.

Gáàsì náà, kí n fi kún un, kì í jó tán bí epo bẹntiróòlù. Tó bá tán, ó ń jò níbì kan, ẹni tó ń rọ gáàsì fún yín lóṣooṣù láì wá ibi tó ń jò ti sọ yín di ATM. Àwọn kan tiẹ̀ ń rọ gáàsì ìdáná sí i torí owó ẹ̀ ò tó ti R134a, ó máa ń tutù o, ìyẹn ni ò jẹ́ kéèyàn fura, àmọ́ ohun tó ń gbaná ni, inú ilé mọ́tò níbi tẹ́ ẹ jókòó sí gan-an ló máa jò sí tí evaporator bá lu.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra blower ní Gate tàbí níbòmíì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi bátìrì dán an wò níwájú yín, kẹ́ ẹ sì tẹ́tí sí i, èyí tó bá ń han tàbí tó ń gbọ̀n ẹ gbé e sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ibẹ̀ ò ní bá yín jà sí i. Kí ẹni tó bá pààrọ̀ ohunkóhun kó èyí tó yọ fún yín, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ohun tó wà lára mọ́tò kó tó fọwọ́ kàn án, tó fi dé orí bóòtù.

Ọkùnrin yẹn, nígbà tá a pè é, ó kọ́kọ́ ní ta ló ní ká gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ó ní wáràńtì ti bàjẹ́ nìyẹn, mo bi í pé wáràńtì ọ̀dà ni àbí ti compressor, ó gé fóònù. Láti ìgbà náà nọ́ńbà yẹn ò lọ mọ́. Tí ẹnì kan bá wá bá yín nílé tó gbé gééjì sínú ọ̀rá, tó ń pè yín ní mummy ní gbogbo ìṣẹ́jú, tó dárúkọ owó compressor kó tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ pigeon hole, ẹ ní kó yí kọ́ńbù ẹnu rọ́bà yẹn ná.