Ẹ Ṣọ́ra o! Ìtàn Kan Ṣoṣo Làwọn Tó Ń Ta Àròkọ Yunifásítì Ń Tà fún Gbogbo Ọmọ

Ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gba fọ́ọ̀mù àwọn yunifásítì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ti kún orí WhatsApp àti Telegram tí wọ́n ń pe ara wọn ní agbaninímọ̀ràn. Wọn ò ní sọ fún yín pé àròkọ, ìyẹn ohun tí yunifásítì ní kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ mọ́ fọ́ọ̀mù, làwọn ń tà. “Èrò” ni wọ́n máa ń pè é. Wọ́n á ní èrò yìí ló gbé ọmọ kan wọ Harvard, pé kí ọmọ yín yí orúkọ àti ìlú inú rẹ̀ padà, kó fi ránṣẹ́, ó parí. Jìbìtì ni. Owó yín á lọ, ọmọ náà sì lè pàdánù àyè tó yẹ kó rí gbà.

Mo máa ń bá àwọn ọmọ ẹbí àti ọmọ ọ̀rẹ́ ka àròkọ wọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ méjì tí wọn ò mọ ara wọn rí kó tiwọn wá. Ìyá àgbà tó ń ránṣọ ló wà nínú àròkọ àwọn méjèèjì. Bọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan já lára aṣọ oníbàárà, ọmọ náà rá wọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ láti wá a, ibẹ̀ ló ti kọ́ sùúrù. Bọ́tìnì kan náà, àwọ̀ kan náà, sùúrù kan náà. Ní ìsàlẹ̀ ìwé ẹnì kejì, ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ṣì wà níbẹ̀ tó ní kí wọ́n fi orúkọ yunifásítì síbí. Ọwọ́ ẹnì kan náà làwọn méjèèjì ti rà á.

Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé, “Ṣé màmá àgbà yín máa ń ránṣọ ni?” Ọmọ náà dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, pé àwọn gan-an ló kọ́ òun ní ìdá nọ́ńbà nígbà tí kò yé òun nílé ẹ̀kọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ọmọ tó ní irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ nílé lọ fowó ra ìyá àgbà ẹlòmíì. Àwọn àgbà ti wí i: ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni.

Ẹ má sì rò pé àwọn tó ń ka àròkọ kì í rí i. Ní 2007, UCAS, àjọ tó ń gba fọ́ọ̀mù àwọn yunifásítì ilẹ̀ Bìrìtìkó, yẹ ohun tí àwọn ọmọ kọ nípa ara wọn wò. Wọ́n bá ọmọ 234 pàdé tí gbogbo wọn kọ ọ́ pé àwọn jó ihò sára aṣọ ìsùn àwọn nígbà tí àwọn wà lọ́mọ ọdún 8! Ìtàn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn dà kọ. Yunifásítì California náà máa ń yẹ ìdáhùn àwọn ọmọ wò bóyá wọ́n jí i kọ. Ní ti Common App, ìyẹn fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ọmọ lè fi béèrè àyè ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, kí fọ́ọ̀mù tó lọ, ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Bí wọ́n bá rí i pé irọ́ ni, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á wọlé, wọ́n lè gba àyè náà padà.

Ibi tí àwọn oníjìbìtì yìí ti ń mú àwọn èèyàn ni pé wọ́n máa ń sọ pé, “Ṣebí gbogbo ayé ló ń tún àròkọ lò?” Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló jẹ́ kó rọrùn láti gbà wọ́n gbọ́. Àròkọ tara ẹni ni ọmọ lè tún lò. Common App gan-an, àròkọ kan ṣoṣo tí kò ju ọ̀rọ̀ 650 lọ ni yóò gbé lọ sí gbogbo yunifásítì tó bá béèrè fún un. Èrò kan náà sì lè dáhùn ìbéèrè méjì. Ká ní ọmọ kan ló ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Yunifásítì California ní ìbéèrè 8, ọmọ á mú 4, ọ̀rọ̀ ìkọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju 350 lọ. Ó lè fi ìtọ́jú àbúrò yẹn dáhùn èyí tó jẹ mọ́ aṣáájú: bó ṣe ń parí ìjà, bó ṣe ń pín iṣẹ́ ilé. Yunifásítì Stanford ní tirẹ̀ máa ń ní kí ọmọ kọ̀wé sí ẹni tí wọ́n máa jọ gbé yàrá. Níbẹ̀, àbúrò kan náà á di ìdí tó fi máa ń jí láàárọ̀ kùtù, tí ariwo kì í fi í dí i lọ́wọ́ ìwé. Èrò kan ni, àmọ́ ó tún un kọ látòkèdélẹ̀.

Èyí tí kò ṣeé gbé kiri ni ìdáhùn sí “kí ló dé tó o fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa?” Bí ẹ bá yọ orúkọ yunifásítì kan, tí ẹ fi òmíràn rọ́pò, tí ọ̀rọ̀ náà ṣì lọ geere, ọmọ náà kò tíì dáhùn ìbéèrè.

Bí ẹ ṣe máa dá àwọn oníjìbìtì yìí mọ̀ kò le. Wọ́n á ṣèlérí pé ó dájú pé ọmọ á wọlé. Kò sẹ́ni tó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fẹ́ gba owó kí ẹ tó rí nǹkan kan. Agbaninímọ̀ràn gidi á da ìbéèrè bo ọmọ, á fa ìlà sábẹ́ ibi tí kò yé e, àmọ́ kò ní bá a kọ ọ́. Àwọn wọ̀nyí kì í bi ọmọ ní nǹkan kan.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ má fi ránṣẹ́, ẹ pa fáìlì náà rẹ́, ẹ pe báńkì yín nípa owó náà. Bí ẹni tó tà á fún yín bá ní òun á fi yín sùn yunifásítì àyàfi tí ẹ bá tún sanwó, ẹ má san án, ẹ tọ́jú gbogbo ohun tó kọ sí yín. Bí ẹ bá sì ti fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà Common App ọmọ yín, ẹ yí i padà lónìí, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù sí dáadáa, bóyá ó ti fi tirẹ̀ síbẹ̀.