Síkúrù dúdú, chipboard tàbí Confirmat: èwo ni ká rà fún pátákó MDF?

Kí ẹ tó ra síkúrù tí ẹ fẹ́ fi so MDF pọ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ pátákó náà dáadáa. Fọ́nrán igi tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù, tí wọ́n wá fi ooru tẹ̀ pọ̀ ni, ó sì tò ní ìpele-ìpele bí ewé ìwé. Síkúrù tó gba ojú pátákó wọlé kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ló ń ya ìpele kan kúrò lára èkejì: ojú pátákó á kọ́kọ́ wú bí oówo, lẹ́yìn náà á là. Torí náà, ẹ̀gbẹ́ pátákó 18 mm la fi wọn àwọn mẹ́ta yìí.

Síkúrù dúdú ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, òun náà la ò sì fẹ́ kí ẹ rà. Pátákó jípúsọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Irin rẹ̀ le, àmọ́ kì í tẹ̀: tí ẹ bá fún un jù díẹ̀, ọrùn rẹ̀ á kán sínú pátákó.

Síkúrù chipboard, 4 × 50 mm, dára jù ú lọ dáadáa. Ara rẹ̀ gún régé, eyín rẹ̀ jìn, ó sì jìnnà síra. Ẹ lu ihò 3 mm sí ẹ̀gbẹ́, kó jìn ju ibi tí síkúrù máa dé lọ. Ẹ lu 4.5 mm sí pátákó tó wà lókè, kí eyín má bàa gbá a mú kí àlàfo sì wà láàárín méjèèjì. Ẹ gbẹ́ ẹnu ihò náà fẹ̀ kí orí síkúrù lè rì. Fún àpótí tàbí sẹ́ẹ́fù tí ẹ máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa, èyí ni ká rà.

Confirmat, síkúrù tó sanra tí wọ́n fi ń so pátákó pọ̀, 7 × 50 mm, ló ń di ẹ̀gbẹ́ mú jù. Ihò 5 mm ló ń fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́, 7 mm ní pátákó òkè. Irin ìlu alágbékà tirẹ̀ ń lu méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ rà á mọ́ ọn. Ẹ lè tú u kí ẹ tún dè é padà, ìyẹn ló fi yẹ wọ́dúróòbù tí wọ́n máa ń kó kiri. Ṣùgbọ́n kì í gba àṣìṣe: láàárín 18 mm, 5.5 mm péré ló kù lọ́tùn-ún lósì. Tí ihò bá yẹ̀ ní 2 mm, ó ku 3.5 mm, ojú pátákó á sì wú. Ẹ má fi kan pátákó 12 mm rárá.

Èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ fi 50 mm ó kéré tán sílẹ̀ láti igun, kí 150 mm sì wà láàárín síkúrù méjì. Ẹ fi kíláǹpù di ojú méjèèjì ẹ̀gbẹ́ náà mú, ẹ fẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi kúrò nínú ihò, kí ẹ sì fi ọwọ́ parí fífún un. Tí ihò bá ti fẹ̀ jù, tí síkúrù ń yí lásán, ẹ fi gọ́ọ̀mù ti igi róbótó 8 mm bọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ wá tún ihò lu.